Ìrọ̀rí Ẹlẹ́wà àti Orí Danu

Ní àdúgbò Gang Randu, èèyàn lè jalè kí wọ́n dárí jì í. Ọkùnrin lè kọ ìyàwó mẹ́ta sílẹ̀ kó ṣì máa jókòó sí sàfù iwájú ní mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n ìyá tí ẹ̀yìn orí ọmọ rẹ̀ bá lọ pẹlẹbẹ, ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ kò ní ìforíjì. Wọ́n á wo ọmọ, wọ́n á wo ìyá, wọ́n á yínmú díẹ̀, wọ́n á sì ní ọmọ náà mà dára o. Ará Gang Randu kì í bú èèyàn lójú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ bí ẹni lọ ata, kó lè kúnná dáadáa.

Ìdí nìyí tí ọkàn Ningrum kò fi balẹ̀ látàárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn. Lẹ́yìn ìrun Alásàrí ni Pak Modin, àlùfáà àdúgbò, ń bọ̀ wá fá irun Danu, àkọ́bí rẹ̀. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí wọ́n bí Danu. Ọjọ́ keje ló yẹ kí wọ́n ti fá irun náà, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ méjì kì í já bọ́ látọ̀run, wọ́n sì ní láti dúró títí ọ̀gá ibi iṣẹ́ Prasojo, bàbá ọmọ, fi rántí pé òṣìṣẹ́ a máa jẹun, tó sì san owó oṣù. Kó tó rántí, irun Danu ti hù, ó dúdú, ó kún, ó sì bo ohun tó yẹ kó bò. Nínú gbogbo ilé náà, irun yẹn nìkan ló ń ṣàánú Ningrum. Abẹ sì ń bọ̀ wá gé e dànù.

Nítorí orí Danu pẹlẹbẹ lápá ọ̀tún, lẹ́yìn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀tá. Bí èèyàn bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ náà á rí ibi jókòó.

Bu Suminah, ìyá ọkọ rẹ̀, ló kọ́kọ́ rí i. Ó wá láti Wonosobo lórí òkè láti ràn wọ́n lọ́wọ́, ìrànlọ́wọ́ náà sì pọ̀ débi pé Ningrum kò ráyè mí. Lọ́jọ́ tó dé, ó gba ọmọ, ó fọwọ́ pa á lórí, ó dákẹ́, ó tún fọwọ́ pa á. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn nínú ilé ju ọ̀rọ̀ orí lọ. Ní alẹ́ àná tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, ó gbé ìdájọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Bí wọ́n bá fárí ọmọ yìí tán, tí mo bá rí i pé ó ṣì rí bí pátákó tí wọ́n fi ń gé ẹ̀fọ́, mò ń gbé e lọ sí Wonosobo lọ́la. Ìwọ ń padà sílé iṣẹ́ aránṣọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ta ni yóò máa ṣètọ́jú orí rẹ̀? Ẹ̀rọ ìránṣọ ni? Èmi ni mo tọ́ Prasojo. Ṣé o ti rí ẹnikẹ́ni tó fi orí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ rí?"

Ningrum wo ọkọ rẹ̀, pé kó sọ nǹkan. Prasojo tún fìlà dúdú rẹ̀ ṣe lórí, ó wo ojú sánmà, ó ní òjò mà ń ṣú o.

Ọmọlúàbí ni Prasojo. Kì í bọ́ fìlà níta, kì í bọ́ ọ nílé, kì í sì dá sí ọ̀rọ̀ àárín ìyá àti ìyàwó. Àwọn èèyàn ń yìn ín fún ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Báàgì tí Bu Suminah gbé wá láti òkè ti wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá láti àná, aṣọ Danu ló sì wà nínú rẹ̀, ó ti ká gbogbo rẹ̀ létòlétò bí ẹni tí kò retí pé òun á tú u. Nígbàkigbà tí Ningrum bá ń wọlé tàbí jáde, ó ní láti gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí báàgì náà.

Ọ̀rọ̀ ìrọ̀rí ló kù. Bu Kasmirah tó ń gbé ilé kejì ló tà á fún wọn. Gbogbo ohun tó bá ń ba ìyá ọmọ lẹ́rù ni Bu Kasmirah ń tà lórí fóònù: ìpara fún awọ ikùn tó fà ya, tíì fún ọmú tí kò ní wàrà, ẹ̀gbà fún ọmọ tó ń sunkún lálẹ́. Bí ẹ̀rù kò bá ba ìyá náà tẹ́lẹ̀, Bu Kasmirah á kọ́kọ́ dẹ́rù bà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ìrọ̀rí náà ní apá gígùn méjì tí wọ́n ń tì mọ́ ọmọ létí lọ́tùn-ún lósì kí orí rẹ̀ má bàa yí, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé ló sì kún inú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń se ẹ̀kọ aládùn láàárọ̀. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó itan ewúrẹ́ kan. Àwòrán ọmọ òyìnbó kan ń rẹ́rìn-ín lára ọ̀rá rẹ̀, orí rẹ̀ yípo bí ọsàn. Kò sẹ́ni tó bi ọmọ òyìnbó náà léèrè bóyá ó ti sùn lórí ẹ̀wà rí.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ní ilé ìgbẹ̀bí ní kọ́nà ti rí ìrọ̀rí náà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Danu lọ wọ̀n. Ó ní kí wọ́n gbé e kúrò, pé ọmọ kékeré kì í lo ìrọ̀rí, pé ọrùn Danu ló le lápá kan, kí Ningrum gbé e wá kí òun yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ningrum délé, ó sọ ọ́.

"Nọ́ọ̀sì yẹn ti bímọ rí?" ni Bu Suminah bi í.

"Kò tíì lọ́kọ, Màmá."

"Ẹ gbọ́ nǹkan. Ẹni tí kò tíì rí ọkọ ló ń sọ bí ọmọ ṣe ń sùn."

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì parí síbẹ̀.

Wàyí o, lóru àná tí òjò rọ̀, òrùlé jò. Nínú gbogbo yàrá tí ilé náà ní, orí ìrọ̀rí Danu ni omi wá jò sí, ó sì rin gbingbin. Ọpẹ́lọpẹ́ pé orí àyà Ningrum ni ọmọ sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Bu Suminah ti fún ìrọ̀rí náà, ó ti fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ lójú títí ojú rẹ̀ fi gbẹ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kò bi léèrè. Nígbà tí oòrùn ga tí àwọn obìnrin àdúgbò ti ń dé láti bá wọn dáná, ó fi aṣọ di Danu lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ bí ẹ̀kọ inú ewé, ó tẹ́ ẹ sáàárín apá ìrọ̀rí méjèèjì, ó sì tì í mọ́ ọn pinpin. Ó ní ó ṣì ku àsìkò díẹ̀ kí wọ́n fárí, kí ìrọ̀rí ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Ẹ ó rò pé ìyẹ̀fun tí wọ́n pò ni orí ọmọ, tó ń dúró de ọwọ́ ìkẹyìn kó tó wọ ààrò.

Ningrum dúró ti ọmọ.

"Màmá, ìrọ̀rí yìí mà ń rùn."

"Ewúrẹ́ lò ń gbóòórùn."

"Ó tún dà bíi pé ó wú."

"Ojú rẹ ló wú. Ẹni tó fi gbogbo òru tẹ fóònù, kí ni kò ní wú lójú rẹ̀?" Bu Suminah tún aṣọ ọmọ fún mọ́ra. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Tí mi ò bá wá sílé yìí ńkọ́? Orí ọmọ yìí ì bá ti di àtẹ tí wọ́n ń to ata sí. Máa bọ̀ nílé ìdáná, àwọn èèyàn ń retí ẹ."

Danu wo ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sápá ọ̀tún, bó ṣe máa ń yí i. Ìrọ̀rí kò lè dá a dúró pátápátá, aṣọ ló di ọwọ́ rẹ̀. Ningrum fẹ́ gbé e. Ó rántí báàgì ẹnu ọ̀nà, ó rántí pé bí òun bá gbé e tí orí kò sì yípo, òun ni wọ́n á ní ó bà á jẹ́ lọ́jọ́ ìkẹyìn. Ó fi í sílẹ̀, ó lọ.

Nílé ìdáná, èéfín àti òórùn ẹran ti gba gbogbo ibẹ̀. Ìkòkò ńlá ń hó lórí iná, omi àgbọn àti ata ilẹ̀ pupa ń ru sókè nínú rẹ̀. Wọ́n fún Ningrum ní àgbọn pé kó máa rin. Bu Kasmirah ń di ìrẹsì sínú páálí, ẹnu rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ.

"Ìyá Danu, báwo lorí? Ṣé ó ti ń yí díẹ̀díẹ̀?"

"Ó ń gbìyànjú," Ningrum ní.

"Ẹ ṣe sùúrù. Àwọn tó rà á ní Gang Melati, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, orí ọmọ wọn rogodo! Àmọ́ wọ́n rà á ní méjì o. Ọ̀kan lọ́wọ́, ọ̀kan lápò aṣọ ìdọ̀tí."

Obìnrin kan tó ń gé àlùbọ́sà nu omi ojú rẹ̀ nù. "Èmi ò ra nǹkan kan ní tèmi. Itọ́ àárọ̀ ni. Kí n tó bá èèyàn sọ̀rọ̀, kí n tó fomi kanu, màá tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, màá fi ra orí ọmọ. Ẹ lọ wo orí rẹ̀ lónìí."

Òótọ́ ni. Ọmọ náà ti dàgbà, orí rẹ̀ sì yípo dáadáa. Kò kàn tíì fi í ṣe nǹkan kan ni.

"Ní Kòríà," Bu Kasmirah ní, "akoto ni wọ́n ń dé fún wọn báyìí. Mo mọ ẹni tó lè bá mi kó o wọlé. Bu Suminah, ẹ̀yin ẹ sọ̀rọ̀."

Bu Suminah ń ro ọbẹ̀. "Kí ni n ó sọ? Ìyá tó bá tẹ́ ọmọ sápá kan láràárọ̀ láti lè ráyè wo fóònù, akoto irin ni kẹ́ ẹ bá mi wá fún un, kó dé e sórí ara rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìwọ̀nba ni, irú èyí tí wọ́n á lè ní àwọn kò rín bí ọ̀rọ̀ bá dójú rẹ̀. Ningrum ń rin àgbọn. Ó rin ín títí ó fi rin èékánná mọ́ ọn.

"Màmá, ẹ má bínú o. Ọ̀tún ni Danu ń wò látọjọ́ tí mo ti bí i. N kì í tẹ́ ẹ síbẹ̀, òun ló ń yíjú síbẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ló le. Nọ́ọ̀sì sọ ọ́."

"Ó tún ti mẹ́nu kan nọ́ọ̀sì."

"Màá mẹ́nu kàn án! Ẹ ti di ọmọ lọ́wọ́, ẹ ti di í lẹ́sẹ̀, ẹ ti fi ẹ̀wà há a létí. Ó ku kẹ́ ẹ fi iyọ̀ sí i kẹ́ ẹ gbé e kaná."

Ọ̀bẹ obìnrin alálùbọ́sà dúró. Ní Gang Randu, ìyàwó ilé kì í gbóhùn sókè sí ìyá ọkọ. Ó lè kórìíra rẹ̀ fún ogún ọdún, kò sóhun tó burú níbẹ̀, àmọ́ ohùn pẹ̀lẹ́ ni yóò fi kórìíra rẹ̀.

"Prasojo!" Bu Suminah ké sí ẹ̀yìnkùlé. "Prasojo, wá gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ ń sọ sí mi lójú àwọn èèyàn."

Prasojo yọjú látẹnu ọ̀nà, ẹní méjì léjìká rẹ̀, fìlà rẹ̀ gún régé. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Gbogbo ilé ìdáná ń dúró de ọ̀rọ̀ tó máa tẹnu rẹ̀ jáde.

"Ṣé ìrẹsì ti jinná?" ló bi wọ́n.

Wọ́n ní ó ti jinná. Ó ní ó dáa, ó sì padà sídìí ẹní rẹ̀.

Ọbẹ̀ nìkan ló ń dá sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Ọlọ́jà kì í sì í fẹ́ kí ọjà dákẹ́, nítorí náà Bu Kasmirah wá ọ̀nà tí ayé á fi dùn.

"Ẹ má jà, ẹ má jà. Ìrọ̀rí náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ ò kíyè sí i? Látìgbà tá a ti wà níbí, ta ló gbọ́ igbe ọmọ? Ọmọ yìí mà níwà o. Ó dákẹ́ rọ́rọ́."

Àwọn obìnrin tẹ́tí. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan.

Ningrum náà tẹ́tí. Àsìkò ọmú ti kọjá. Danu kì í jẹ́ kí àsìkò ọmú kọjá láìké. Àgbọn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sáré, ó fẹsẹ̀ kọ báàgì ẹnu ọ̀nà, ó fi orúnkún lulẹ̀, ó dìde.

Ẹ̀wà tó mu omi lóru, tí wọ́n tún fi áyọ́ọ̀nù mú ara rẹ̀ gbóná, ti ṣe ohun tí Ọlọ́run dá ẹ̀wà láti ṣe. Ó wú. Apá ìrọ̀rí méjèèjì ti nípọn, ó le bíi pákó, ó ga ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ lọ. Ojú ìrán rẹ̀ ń ya, ẹnu èéhù funfun tíntìntín sì ti ń yọ jáde níbẹ̀. Danu yíjú sápá ọ̀tún bó ṣe máa ń yí i, imú àti ẹnu rẹ̀ sì wọ inú ìwúsókè yẹn. Ọwọ́ tí yóò fi tì í kúrò wà nínú aṣọ tí wọ́n fi dì í.

Ningrum fà á yọ. Ètè ọmọ ti dà bí eérú. Ó ya aṣọ ìdì náà kúrò lára ọmọ, ó fọwọ́ gbá a lẹ́yìn, ó pe orúkọ rẹ̀, ó tún gbá a. Danu rọ̀ jọ́bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Danu. Danu, ẹ jọ̀ọ́. Danu." Kò tiẹ̀ mọ ẹni tó ń bẹ̀. Ọmọ náà gbọ̀n, ó fa èémí kan tó dún bí ìgbà tí wọ́n fa aṣọ ya, ó sì ké.

Ningrum jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọmọ láyà, ó ń sunkún sókè láìtijú, kò sì sí ohùn pẹ̀lẹ́ kankan nínú ẹkún náà.

Ìrọ̀rí ti já sílẹ̀, ó ti bẹ́, ẹ̀wà tó hù sì fọ́n ká gbogbo yàrá. Àwọn obìnrin kún ẹnu ọ̀nà. Àgbà pọ̀ lọ́jà lọ́jọ́ náà. Bu Suminah wà níwájú wọn, ṣíbí ọbẹ̀ gbọọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, ọbẹ̀ ń kán sórí báàgì aṣọ ọmọ. Bu Kasmirah ló kọ́kọ́ rí ohùn lò.

"Wọ́n mà kọ ọ́ sára ọ̀rá rẹ̀," ló wí, "pé kò gbọdọ̀ kan omi."

Prasojo ya àwọn obìnrin náà sọ́tùn-ún sósì. Ó wo ọmọ, ó wo ìrọ̀rí, ó wo ìyá rẹ̀. Ẹnu tó ti wá ọ̀rọ̀ tì látìgbà tí wọ́n ti bí Danu wá là.

"Ningrum, gbé e. Jẹ́ ká lọ."

Òjò ti tún bẹ̀rẹ̀. Prasojo gbé alùpùpù sáré gba inú ẹrẹ̀ kọjá, Ningrum wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ara bo ọmọ. Ní kọ́nà, atẹ́gùn ṣí fìlà dúdú náà kúrò lórí Prasojo, ó sọ ọ́ sínú gọ́tà. Ọkùnrin tí kì í bọ́ fìlà kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí fi irin sétí, ó gbọ́ àyà Danu níwájú, ó gbọ́ ọ lẹ́yìn, ó wo ètè rẹ̀, ó wo èékánná rẹ̀. Danu fìbínú já ọmú gbà. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n jókòó ti òun fúngbà díẹ̀, òun fẹ́ máa wò ó. Nígbà tó tún gbọ́ àyà náà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó jókòó.

"Ó dára. Àsìkò lẹ débẹ̀." Ó nu ojú rẹ̀. "Mo ní kẹ́ ẹ gbé ìrọ̀rí yẹn kúrò, àbí mi ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀," Prasojo ní, kí Ningrum tó lanu.

"Kò gbọdọ̀ sí ìrọ̀rí. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja lórí ẹ̀yìn rẹ̀ bó bá fẹ́ sùn. Bó bá jí, tójú yín wà lára rẹ̀, ẹ dà á dé lórí ikùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ohun tó fẹ́ wò máa wà lósì: ojú fèrèsé, ohùn yín, ẹni tó bá fẹ́ bá a ṣeré. Ẹ gbé e wá lọ́la, ká bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ọrùn yẹn. Orí rẹ̀ ṣì ń dàgbà, á máa sàn. Àmọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mí ná kó tó lè dàgbà."

Nígbà tí wọ́n délé, Pak Modin ti jókòó, àwọn ọkùnrin àdúgbò ti kún orí ẹní, wọ́n sì ti ń wo páálí oúnjẹ bí ẹni tí kò wò ó. Prasojo bi Ningrum bóyá kí wọ́n sún un sí ọjọ́ mìíràn. Ewúrẹ́ méjèèjì ti wà nínú ìkòkò, kò sẹ́ni tó lè ní kí wọ́n padà lọ jẹko. Ningrum ní kí wọ́n fá a. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa bẹ̀rù abẹ.

Prasojo pààrọ̀ aṣọ, kò sì rí fìlà pààrọ̀. Irun rẹ̀ tó kún tẹ́lẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lórí nítorí òjò. Ó gbé Danu wọ àárín àwọn ọkùnrin tó dìde dúró tí wọ́n ń yin Ànábì lóhùn orin. Ó ń gbé e láti iwájú ẹnì kan dé iwájú ẹnì kejì, oníkálukú ń fi àlùmọ́gàjí gé irun díẹ̀, títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ Pak Modin. Pak Modin fi omi sí i, ó mú abẹ. Prasojo kúnlẹ̀, ó tẹrí ba mọ́ ọmọ, kí Danu má bàa mira.

Àwọn obìnrin ń wò láti ẹnu ọ̀nà yàrá, lẹ́yìn wọn. Abẹ ń lọ jẹ́jẹ́. Irun ń já bọ́. Ẹ̀yìn orí Danu yọ, funfun, kékeré, ó sì pẹlẹbẹ lápá ọ̀tún.

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni orí Prasojo wà. Omi òjò ti tẹ irun rẹ̀ lé e. Ó pẹlẹbẹ lápá ọ̀tún.

Àwọn ará Gang Randu wo orí kékeré, wọ́n wo orí ńlá. Ká tó sọmọ lórúkọ, ilé là ń wò. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n wo ilé, wọ́n sì wò ó láti ẹ̀yìn. Ningrum pàápàá kò rí i rí. Ta ní ń yẹ ẹ̀yìn orí ọkọ wò? Iwájú ni wọ́n ti ń béèrè owó oúnjẹ.

"Bí ẹni pé ọ̀bẹ kan náà ni wọ́n fi gé wọn," obìnrin alálùbọ́sà sọ ọ́ sínú, ó sì yọ síta.

Bu Kasmirah wú ikọ́. Wọ́n rò pé yóò tún mẹ́nu kan akoto. Ó ní òun fẹ́ lọ wo adìyẹ òun, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Adìyẹ náà ò nílò ìwò. Wọ́n ti wà lẹ́yìn ilé Ningrum, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà ìrọ̀rí tí wọ́n gbá dà síbẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ìrọ̀rí náà, àwọn nìkan ló ṣe lóore.

Bu Suminah kò wo ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ wà lára orí ọmọ rẹ̀ títí Pak Modin fi parí àdúrà tí gbogbo wọn fi ṣe àmín.

Àwọn àlejò gba páálí oúnjẹ, wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n ń pe ìrun Mọ̀ńgàríbì, Ningrum tẹ́ Danu sórí ẹní gbalaja, láìsí ìrọ̀rí, láìdì í. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń ju sókè. Ningrum jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́lé lọ́wọ́ olè. Prasojo dúró lẹ́nu ọ̀nà láìdé fìlà.

Bu Suminah wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ báàgì rẹ̀, ó fọwọ́ nu àbàwọ́n ọbẹ̀ lára rẹ̀, kò lọ. Ó tú u. Ningrum fọwọ́ kan ọmọ. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ Danu jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n padà sínú àpótí aṣọ. Ẹ̀wù. Ìbọ̀sẹ̀. Aṣọ ìdì, ó mú un lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀, ó sì jù ú sínú igbá ìdọ̀tí. Nísàlẹ̀ báàgì pátápátá, fìlà dúdú kékeré kan wà níbẹ̀, tuntun, ìwé ọjà ṣì wà lára rẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́ta ló máa bá mu.

"Ìgbà wo lẹ rà á, Màmá?" Ningrum bi í.

"Kí n tó kúrò ní Wonosobo." Bu Suminah yí fìlà náà po lọ́wọ́. "Ìyá ọkọ mi ló ra ti Prasojo nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ó ní kí n má jẹ́ kí ó bọ́ ọ."

Prasojo gbé ọwọ́ sókè sí orí ara rẹ̀, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyá rẹ̀ dá fìlà náà padà sísàlẹ̀ báàgì, ó pa báàgì dé, ó gbé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Apá ibo ni nọ́ọ̀sì ní ká máa mú un wò?"

"Òsì, Màmá."

Danu ń wo apá ọ̀tún. Bu Suminah dìde pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó rìn yí ẹní ká, ó lọ jókòó sápá òsì ọmọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é.